Ohùn Àárín

Ẹ̀yin òǹkàwé mi ọ̀wọ́n, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé àti ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi, mo kí yín tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọpẹ́ ni fún Olúwa tí ó jí wa lónìí, tí ó fi oúnjẹ sẹ́nu wa, tí ó sì tún fi orin sí i lẹ́yìn oúnjẹ. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín, ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan àti omidan kan ni, ọmọ wa tí a bí sí ilẹ̀ Ghana. Mo fẹ́ràn àwọn méjèèjì gan-an ni. Bí ẹ bá rí i pé mò ń yìn wọ́n jù, ẹ forí jì mí. Ẹni tó rí ohun rere tí kò yìn ín, ahun ni.

Ní ọdún 2014, iná mànàmáná ń ṣe ségesège ní Accra. Bí ó bá wá lówùúrọ̀, a lọ lọ́sàn-án, tọmọdé tàgbà sì ń pè é ní *dumsor*, èyí ni pé ó ń kú, ó ń jí. Àgbékẹ́, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ń ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Lapaz nígbà náà. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, fíríìjì tí wọ́n ń tọ́jú abẹ́rẹ́ sí dákẹ́ kẹ́lẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ ránṣẹ́ pe oníṣẹ́ fíríìjì.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé, àpótí irinṣẹ́ lójìká, ìrẹ̀lẹ̀ lójú. Ó kí Àgbékẹ́ ní Twi, òun náà dá a lóhùn ní Twi. Ó kúnlẹ̀ sẹ́yìn fíríìjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Kò pẹ́ tí fóònù Àgbékẹ́ fi dún.

"Ẹ káàsán mà. Mo ti jẹun mà. Rárá mà, n ò tíì ra iyọ̀."

Orí ọ̀dọ́mọkùnrin náà yọ láti ẹ̀yìn fíríìjì bí orí alángbá.

"Háà! Ṣé Aláta ni yín, ọmọ Yorùbá?"

"Ta ló ń jẹ́ Aláta? Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí."

"Ọmọ Yorùbá ni èmi náà! Olúdáre lorúkọ mi. Ọ̀fà ni bàbá mi àti màmá mi ti wá, ṣùgbọ́n Kumasi ni mo dàgbà sí. Yorùbá mi, *chale*, ọ̀rẹ́ mi, ó ń rìn, ṣùgbọ́n ó ń tiro."

Àgbékẹ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Olúdáre rí ohun tó bàjẹ́, ó fi bírò kọ nọ́ńbà ẹ̀yà fíríìjì tó máa lọ rà sí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.

"Ẹ má gbàgbé nọ́ńbà yẹn o," Àgbékẹ́ wí.

"Ẹ má ṣèyọnu. Mo ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀."

"Ẹ ti ṣe kí ni?"

"Mo ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀." Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí i.

Àgbékẹ́ di ẹ̀gbẹ́ mú, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. "Ẹ̀yin ọkùnrin! Ẹ ò tíì fẹ́ ẹ, ẹ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀?"

Olúdáre ń wò pàkòpàkò. Àgbékẹ́ wá ṣàlàyé fún un. Bàbá rẹ̀ ni olùkọ́ ìwé kíkà Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ìjọ wọn ní Lagos Town, àdúgbò àwọn Yorùbá ní Accra, kò sì sí ọmọ kankan nínú ilé wọn tí kò tíì fi orí gba kóńkó nítorí àmì ohùn.

"Dò, re, mí. Èyí tí ẹ sọ yẹn, dò ni. Ọkùnrin tó lé ìyàwó rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Re ni ẹ ń wá. Kọ. Kò ròkè, kò sọ̀kalẹ̀."

"Kọ́."

"Ẹ ti gun orí igi."

"Kọ̀."

"Ẹ ti já sí kòtò."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí. Twi tí Olúdáre fi dàgbà, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ló fi sí i lẹ́nu; ohùn àárín ni kò rí rà lọ́jà Kumasi.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Olúdáre wá yẹ fíríìjì tí kò ṣe nǹkan kan wò lẹ́ẹ̀mẹrin. Ní ìgbà kẹrin, ọ̀gá Àgbékẹ́ bi í pé, "Fíríìjì yìí ti sàn. Ta ló tún kù nínú ṣọ́ọ̀bù mi tó ń ṣàìsàn?" Olúdáre wolẹ̀. Àgbékẹ́ náà wolẹ̀. Ó ti hàn.

Kò sí ohun tó dùn mọ́ Àgbékẹ́ nínú ọmọkùnrin yìí tó bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe mọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹ̀rọ kò bá ṣeé tún ṣe, á sọ fún ẹni tó ni ín pé kò ṣeé tún ṣe, á sì gbé àpótí rẹ̀ ńlẹ̀. Kì í purọ́ lórí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú, ẹnu rẹ̀ a fò lọ sókè réré bí ẹyẹ.

"Ní ọdún mẹ́ta sí i," ni ó wí ní ọjọ́ kan tí wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì oníwaakye tó ń ta ìrẹsì ẹlẹ́wà, "mo máa ní ilé iṣẹ́ tèmi, pẹ̀lú ọkọ̀ mẹ́wàá. Mo máa kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. A ó máa lọ ra ọjà ní Dubai."

"Níbo ni mo wà nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn?"

"Lókè! Nínú ẹ́síì."

"Mò ń ṣe kí ni níbẹ̀?"

Olúdáre ronú. "O jókòó."

Àgbékẹ́ fi ṣíbí sílẹ̀. Kò ì tíì sọ fún un pé òun ti ra fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí ní Koforidua. Ọjọ́ tí wọ́n gbẹ̀bí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni nǹkan náà ti wọ ọ́ lọ́kàn, nígbà tí agbẹ̀bí kan tí kò ga ju ẹnu àtẹ lọ mú ìyá àti ọmọ la ewu kọjá, tó sì ń kọrin ìyìn jẹ́jẹ́ bó ti ń ṣe é. "Olúwa," ni Àgbékẹ́ wí nínú ọkàn rẹ̀, "ṣé ọkọ kan náà tí mo gbàdúrà fún ni èyí? Ó fẹ́ràn mi. Ṣùgbọ́n ó gbé mi sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bí ọmọláńgidi." Ó sọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù náà fún un ní ọjọ́ yẹn. Olúdáre ní òun kò mọ̀. Ó ní kó má bínú.

Alárinà wọn ni Àlájà Wòsílátù, obìnrin Ìlọrin tó ń ta ọṣẹ àti nǹkan ilé ní ọjà Tudu. Ìsọ̀ rẹ̀ àti ìsọ̀ bàbá Àgbékẹ́, Díkìnì Àlàní, ló fara kan ara láti ogún ọdún, Díkìnì ń ta abọ́ àti bàsíà. Bí Díkìnì bá ń kọrin lówùúrọ̀, Àlájà a máa gbè é láìmọ̀.

"Àlájà, ìgbà wo lẹ máa wá ṣèrìbọmi?" Díkìnì a béèrè.

"Ọjọ́ tí ẹ bá gba ààwẹ̀ tán, Díkìnì. Ẹ kọ́kọ́ fi ebi dán ara yín wò ná."

Àlájà yìí ló mú Olúdáre wá sílé ní Lagos Town. Olúdáre dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Díkìnì wò ó títí, ó ní kó dìde.

"Iṣẹ́ rẹ ti dé etí mi. Wọ́n ní o mọ̀ ọ́n. N kò bèèrè ohun tí o ní lónìí. Èmi náà kò ní nǹkan kan nígbà tí mo fẹ́ ìyá rẹ̀. Kí ni ìwọ àti ọmọ mi máa ṣe ní ọdún mẹ́ta sí i?"

Àgbékẹ́ tó gbé omi wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń gbàdúrà: Olúwa, má jẹ́ kó sọ̀rọ̀ ọkọ̀ mẹ́wàá.

Olúdáre sọ̀rọ̀ ọkọ̀ mẹ́wàá. Ó sọ̀rọ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó dé Dubai, ó sì padà. Ẹ̀rù ló ń bà á, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ẹ̀rù a máa fún ẹnu ní ìyẹ́.

Díkìnì Àlàní yọ jígí ojú rẹ̀. "Ọ̀dọ́mọkùnrin, bàbá mi kọ́ ilé ní ìlú yìí. Ó dé ojú fèrèsé. Ó ń sọ fún wa pé ní ọdún méjì sí i, a ó máa sùn lókè. Ní 1969 ìjọba ní kí àwa àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Mo gbé ìkòkò kan lórí, mò ń wo ẹ̀yìn, mò ń wo fèrèsé náà títí mi ò fi rí i mọ́. Láti ọjọ́ náà, títí mo fi dàgbà padà wá síbí, bí ènìyàn bá ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ́nu, fèrèsé náà ni mo máa ń rí."

Ó wọ jígí rẹ̀ padà.

"N kò lé ọ. Ọlọ́run sọ fún wòlíì kan rí pé kó kọ ìran sílẹ̀, kí ẹni tó bá ń sáré lè kà á. Lọ kọ tìrẹ sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta. Ohun tí ọwọ́ rẹ yìí lè ṣe ni kí o kọ. Yorùbá ni kí o fi kọ ọ́, kí ìyá Àgbékẹ́ lè gbọ́. Mú un wá ní ọjọ́ Ìsinmi Ìkórè. Àbúrò mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti rí tíṣà kan tó fẹ́ fẹ́ Àgbékẹ́. Mo ti ní kó dúró dè mí di ọjọ́ náà. Bí ìkórè bá kọjá tí n kò rí ìwé, mo máa pè é."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló kù. Ní ọjọ́ kejì, Olúdáre bẹ Àgbékẹ́ pé kó bá òun kọ ọ́.

"N ò ní kọ ọ́," Àgbékẹ́ dáhùn. "Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí mo lè bi ọ́. Bí wọ́n bá gbé fíríìjì tó ti jẹrà wá fún ọ, kí lo máa ń sọ fún ẹni tó ni ín?"

"Òótọ́."

"Ó dára. Ẹni tó ni èyí ni mí."

Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ yàrá òtútù àwọn ẹlẹ́ja gbé Olúdáre lọ sí Tema. Ọ̀sẹ̀ kìíní kọjá, ó ń pè. Ọ̀sẹ̀ kejì, ìpè rẹ̀ kúrú. Ọ̀sẹ̀ kẹta, kò pè mọ́. Àgbékẹ́ ń tà ní ṣọ́ọ̀bù, eyín rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ ń ro ogún nǹkan. Bóyá ìbéèrè mi ti le jù. Bóyá fọ́ọ̀mù yẹn ló ń bí i nínú. Ta ló fẹ́ aya tó máa wà ní Koforidua fún ọdún mẹ́ta?

Ní ọ̀sán Sátidé tó ṣíwájú Ìkórè, Àlájà Wòsílátù já wọlé wọn, gèlè lọ́wọ́, fóònù lọ́wọ́ kejì.

"Díkìnì! Àtẹ̀jíṣẹ́ dé láti ọ̀dọ̀ ọmọ yẹn. Ìwé kéékèèké yìí kò hàn sí mi, ẹ bá mi kà á."

Díkìnì wọ jígí rẹ̀. Ohun tó wà lójú fóònù nìyí: *Mama e kaasan. E ba mi so fun Baba pe mo ti ko o sile. Mo ro o daadaa. Ko rorun fun mi rara. Mo dupe lowo Agbeke. Olorun a wa pelu wa.*

Ó ka á sókè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń ka ẹ̀kọ́ kíkà ní ìsìn òkú: "Ẹ bá mi sọ fún Bàbá pé mo ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Mo rò ó dáadáa. Kò rọrùn fún mi rárá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Àgbékẹ́..."

"Yéè!" ni ìyá Àgbékẹ́ ké.

"Ọmọ tí mo fi ojú ara mi wò!" Àlájà jókòó pọ̀ọ́. "Ó sì tún ń dúpẹ́! Ẹ gbọ́, ó ń dúpẹ́!"

Díkìnì fi fóònù lélẹ̀. "Mo ti wí i," ni ó wí. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò dùn.

Wọ́n pe fóònù Olúdáre. Fóònù náà ti kú. Àgbékẹ́ lọ sẹ́yìnkùlé, ó ń fọ abọ́ tó ti mọ́. Ó fọ ọ̀kan, ó tún un fọ̀. Ìtìjú ń jó o létí. Ní ìgbà tó gbé ọwọ́ ọlọ́ṣẹ sókè láti nu ojú, ó rí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó sì rántí àtẹ́lẹwọ́ mìíràn tí bírò wà lára rẹ̀. Ó dúró gbọnin. Kì í ṣe pé ó dá a lójú. Ó lè jẹ́ kọ. Ó sì lè jẹ́ kọ̀. Bí ó bá sọ̀rọ̀, tí ó sì wá jẹ́ kọ̀, gbogbo Lagos Town ni yóò máa fi í ṣẹ̀sín pé ọkọ lé e, ó ń bá a wá àwáwí.

Ó nu ọwọ́, ó padà wọlé, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́. Ẹ wò ó dáadáa. Kò sí àmì lórí ẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ náà yé mi, Àgbékẹ́."

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì, ohùn ara ẹni tó ń kà á ló máa ń gbé wọ̀. Ohùn ta ni ẹ fi ka èyí? Ṣé ti Olúdáre ni, àbí ti ọmọ ọdún mẹ́jọ tó gbé ìkòkò lórí?"

Ìyá rẹ̀ bo ẹnu. Ọmọ kì í bá Díkìnì Àlàní sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà tún mú fóònù, ó wò ó.

"Kọ," ni ó wí jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà, "Kọ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Ó di ọ̀la lẹ́yìn ìsìn. Bí n kò bá rí i, mo máa pe Ògbómọ̀ṣọ́."

Ní ọjọ́ kejì, iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún iwájú pẹpẹ bí òkè. Àgbékẹ́ wà láàárín àwọn akọrin. Ìwé orin wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n kọ orin ìwọlé, kò dé. Wọ́n wàásù, kò dé. Wọ́n gba ọrẹ, wọ́n súre, wọ́n tú ká. Díkìnì dúró sábẹ́ igi máńgòrò iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti mú fóònù jáde. Àlájà Wòsílátù, tí kì í wá síbẹ̀, dúró lẹ́yìn odi, ó ń wo títì.

Àlájà ló kọ́kọ́ pariwo.

Olúdáre ń sáré bọ̀ láti ibi tí trotro, ọkọ̀ èrò, já a sí. Òórùn ẹja wà lára rẹ̀, nǹkan kan tí ó fi ọ̀rá wé wà láyà rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀.

"Ọ̀dọ́mọkùnrin," Díkìnì wí, "iṣẹ́ tí o rán dé. Kí lo sọ pé o ṣe?"

Olúdáre gbójú sókè, ẹ̀rín gba gbogbo ojú rẹ̀. "Mo ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, sà!"

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ fa èémí sínú. Ìyá Àgbékẹ́ di ìyàwó pásítọ̀ mú.

"Ojú ìwé mẹ́ta ni mo fi kọ̀ ọ́ sílẹ̀!" Ó tú ọ̀rá, ó fa ìwé ìkọ̀wé ọmọ iléèwé kan yọ. "Yorùbá le, sà. Kò rọrùn fún mi rárá. Bí kì í bá ṣe ohun tí Àgbékẹ́ bi mí ni, n kì bá tí lè kọ̀ ọ́."

Ẹ̀rín bẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò bí ìgbà tí òjò bá dé lórí páànù. Àlájà ń fi ọwọ́ gbá odi. Àgbékẹ́ ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́, kò sì mọ èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ nù. Olúdáre nìkan ni kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Díkìnì kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń ka ìwé náà. Mo rí ìwé yẹn pẹ̀lú ojú mi nígbà tó yá, mo sì lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kò sí ọkọ̀ níbẹ̀. Ó kọ ọ́ pé ní ọdún kìn-ín-ní Àgbékẹ́ máa lọ sí Koforidua, òun máa lọ kí i lẹ́ẹ̀kan lóṣù, òun sì máa gba ìsọ̀ onípákó kan ní Lapaz dípò kí òun máa ti ilé dé ilé. Ó kọ ọ́ pé òun kò ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ òun. Òun máa ṣe ìdánwò rẹ̀ ní ọdún kejì, ó sì ṣeé ṣe kí òun fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan nítorí òun kì í yára kàwé. Ìgbéyàwó, ní ọdún kẹta, nígbà tí Àgbékẹ́ bá parí. Ojú ìwé tó gbẹ̀yìn ni mo fẹ́ràn jù. Ohun tó kọ sí orí rẹ̀ ni "Ohun ti mi o le se". Abẹ́ rẹ̀ ni ó kọ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí.

"Ilé ńkọ́?" Díkìnì béèrè, bí ẹni tí kò rí i.

"Yàrá kan àti pálọ̀, sà, ní Lagos Town níbí. Mo wò ó síwájú, mo wò ó sẹ́yìn. Láàárín ọdún mẹ́ta, n kò lè kọ́lé. Kí n má purọ́ fún yín."

Díkìnì pa ìwé náà dé. Ó yọ jígí, ó nu ún, bẹ́ẹ̀ jígí kò dọ̀tí.

"Ìyá Àgbékẹ́," ni ó wí, "ọmọ yìí kò ní ohùn àárín lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ní in nínú ìwé. Kò ròkè, kò sì já sí kòtò." Ó fi fóònù rẹ̀ sápò. "Máa bọ̀ ní kíláàsì mi láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ìwọ. Àmì kan kò sí lórí gbogbo ojú ìwé yìí. O fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá lánàá."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ bá mi yin ọkùnrin yìí. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi tí kò bá lọ sí Koforidua, Olúdáre jókòó láàárín àwọn ọmọ ọdún méje, eékún rẹ̀ kan àgbọ̀n, ó ń pe dò-re-mí. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Òjò ọdún kejì gbé ìsọ̀ onípákó náà lọ, Olúdáre sì tún òmíràn kàn. Ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò lẹ́ẹ̀kan, gẹ́gẹ́ bó ti kọ ọ́. Ó yege lẹ́ẹ̀kejì. Àgbékẹ́ parí ní 2017, ọmọ aláboyún àkọ́kọ́ tó dá gbẹ̀bí fún sì ké tó bẹ́ẹ̀ tí òun náà fi ké pẹ̀lú rẹ̀.

Ní ọjọ́ ìgbéyàwó, kí wọ́n tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, Díkìnì Àlàní di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò sì fi sílẹ̀. Ó wo ọkọ ìyàwó láti òkè délẹ̀.

"Olúdáre, ìdánwò kan ló kù. Ọmọ mi nìyí. Kí lo ti ṣe é?"

Olúdáre wo Àgbékẹ́. Ó tún ohùn rẹ̀ ṣe, bí ẹni ń wá ohùn orin kó tó dá a.

"Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, sà," ni ó wí, ohùn rẹ̀ dúró sí àárín gbungbun. "N kò sì ní kọ̀ ọ́ sílẹ̀ láéláé."

Díkìnì jọ̀wọ́ ọwọ́ ọmọ rẹ̀.

Ìwọ tí o ka ìtàn yìí dé òpin, ohun tí o ń rò fún ọdún tó ń bọ̀, kí Ọlọ́run fún ọ ní ọkàn láti kọ ọ́ bó ti rí, àti ọwọ́ láti ṣe é. Ibi tí agbára rẹ bá parí sí, kí àánú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Kí ilé rẹ tòrò, kí ìfẹ́ rẹ má di ẹ̀sín. Kí Ẹni tó kọ orúkọ wa sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ má ṣe kọ̀ wá sílẹ̀. Àmín.